Èéfín Ẹja Kọ́ Ló Ba Díìsìkì Ẹ̀gbọ́n Mi Jẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún méjì ni mo ti fi ń gbé irọ́ kan kiri, ó sì ti sú mi. Ǹ bá tún dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun tó ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ mi ló máa tú mi fó.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé. Mo máa ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi nípa kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, máa ń ya fídíò wólímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ káàkiri Orù, Awà àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí wọ́n kú, wọ́n fi háàdì díìsìkì mẹ́rin sílẹ̀ àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Kọ̀ǹpútà wá sí ilé mi. Ìyàwó wọn, Ìyá Rófíátì, kó àwọn díìsìkì lọ sí Ibiade, ìlú rẹ̀, lẹ́yìn tó ṣe opó tán. Ẹja ló ń yan tà níbẹ̀.

Nínú fídíò kan tó wà lórí ọ̀kan lára àwọn díìsìkì yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún Rófíátì ọmọ wọn, tí wọ́n sì ń bá a ṣàwàdà nípa ọjọ́ yìgì rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Ẹbí wá ní kí a kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí kan, irú èyí tó ń gba díìsìkì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a ó fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n yàn án. Ẹ ò rí ìyọnu? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da ọ̀rọ̀ bò mí lórí Wàsáàpù. Àbúrò bàbá wa tó wà ní Ìwópin ní kí n ra èyí tó ń tan iná búlúù. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú ra kọ̀ǹpútà tuntun, bí ẹni pé ó fẹ́ bá mi rà á. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà àgbà yẹn á dá àpótí mọ̀. Ihò tí a ń ki fíláṣì bọ̀ lára rẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́, àwọn àpótí tuntun mìíràn kì í sì í bá a ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin tó ń tà á ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Méjì ló kó wá. Ó ní kí n mú èyí tó ń jẹ́ kí díìsìkì kọ̀ọ̀kan dá dúró, torí pé nǹkan ti wà nínú tiwa. Ó ní èkejì lè sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan, ṣùgbọ́n díìsìkì tó ṣófo ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Inú bí mi pé ó ń kọ́ mi ní ABD. Èkejì ni mo mú.

Ìyá Rófíátì gbé àwọn díìsìkì wá, ó fi ìró rẹ̀ wé wọn. Mo tò wọ́n sínú àpótí. Mo ti bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibi tó máa sọ wọ́n di ọ̀kan, torí pé ó wù mí kí orúkọ kan ṣoṣo hàn lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ìbéèrè ti sú mi lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ló ń bi mí léèrè. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ṣófo. Mo wò ó títí, ó ṣófo.

Nígbà tí ẹbí bèèrè, mo ní èéfín ẹja ti ba àwọn díìsìkì náà jẹ́ kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, n kò rò ó tẹ́lẹ̀. Òórùn tó wà lára ìró yẹn ló fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé ni òun. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ọkọ ló ń pè mí. Kò lè já mi nírọ́ lójú ẹbí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Àbúrò bàbá wa ní kò mọ ìtọ́jú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ń mi orí.

Láti ìgbà náà, ìkíni lásán ló kù láàárín Rófíátì àti ìyá rẹ̀. Lóòrèkóòrè ni ìyá náà sì ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá ti rí i. Mo ń kùn, mo ń ṣépè fún ara mi, mo sì ń jẹ ẹja náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí a pa rẹ́ lè ṣeé wá padà bí a kò bá tíì kó nǹkan mìíràn lé e lórí. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní. N kò gbé wọn fún ẹnikẹ́ni, torí pé ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò á mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló pa wọ́n rẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà.

Yìgì Rófíátì ku oṣù kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè mí. Ó ní òun gbọ́ nípa ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń yọ nǹkan jáde nínú díìsìkì tó ti bàjẹ́.

Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ ó bá mi ṣàlàyé fún un bí èéfín mi ṣe bà á jẹ́, kó lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un kó tó wọ ọkọ̀ ní Ibiade, àbí kí n dúró tì í níwájú ọkùnrin yẹn, kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irọ́ mi?