Ọdún Tí Mo Sọ Pé Vietnam Ni Mo Wà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yín kalẹ̀ ná. Kí a tó kúnlẹ̀ bu ọtí níwájú àwòrán Màmá lónìí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́. Dókítà sọ pé kí n má retí ọdún tó ń bọ̀. Mi ò sọ ìyẹn kí ẹ lè ṣàánú mi. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ojo ni mí, ojo tí kò lè sọ òtítọ́ àfi ìgbà tó rí i pé òun ò ní pẹ́ kú. Jong-pil, àbúrò mi, o ṣeun tí o ti erékùṣù Jeju wá. Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, súnmọ́ wa. Bàbá Kékeré, mo mọ̀ pé etí yín kò gbọ́ dáadáa mọ́, Sol ọmọ mi á máa tún un sọ fún yín.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Vietnam àti Indonesia, inú ọkọ̀ òfurufú ni mo sì ti lo ìdajì ayé mi. Mo máa ń jí ní òtẹ́ẹ̀lì, kí n máa fọwọ́ wá ògiri torí mi ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ọdún tí Màmá kú, ọ̀gá mi fún wa ní ìsinmi gígùn fún ọdún tuntun. Ojúṣe àkọ́bí ni kí n kó ìyàwó àti ọmọ mi wá síhìn-ín, sí Goheung, kí n bọ àwọn òkú wa, kí n kúnlẹ̀ kí Màmá. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Mo ro ti súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ojú ọ̀nà, mo ro ti ìbéèrè àwọn ẹbí, mo sì sọ fún Myeong-ok ìyàwó mi pé ilé wa ní Incheon ni mo fẹ́ wà. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé ara Sol kò yá, èmi ní tèmi á sọ pé wọ́n rán mi lọ sí Vietnam. Kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Bàbá Sol, tí wọ́n bá wá mọ̀ ńkọ́?" Mo bi í léèrè pé ta ló fẹ́ sọ fún wọn. Òun náà kò sì fẹ́ dúró sídìí iná nílé ọkọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó bá gbà.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ara mi. Mo sùn sórí ilẹ̀ tí a fi iná mú gbóná nítorí òtútù, títí oòrùn fi ràn wọlé. Sol gun ẹ̀yìn mi, ó ń fi etí mi darí mi káàkiri pálọ̀. Myeong-ok gé èékánná ẹsẹ̀ mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àlejò ni mí nílé ara mi, pé mi ò mọ ibi tí a ń kó ṣíbí sí. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò ó lọ́kàn pé ayé kò jẹ mí ní nǹkan mìíràn.

Bó ṣe di àárọ̀ ọdún gan-an, Jong-pil pè mí. Ó ní Màmá ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú ní ìdáná, pé àwọn ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ń pe orúkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ọkọ̀ òfurufú tó bá yá jù." Ó rò pé òkun ló wà láàárín wa. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá gbéra nígbà yẹn, ilẹ̀ kò ní tíì ṣú tí màá fi dé. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé gbogbo ọkọ̀ ti kún, pé mi ò lè rí ọ̀kankan títí ọdún á fi lọ. Ibẹ̀ ni Sol ti pariwo láti ìdáná pé, "Bàbá, ọbẹ̀ ti ń tutù o." Mo fọwọ́ bo fóònù. Jong-pil ní kí n gbìyànjú, ó sì pa fóònù.

Ó tún pè lọ́jọ́ kejì. Mo wo fóònù náà bó ṣe ń dún, mo sì fi tìmùtìmù bò ó. Myeong-ok ti ń sunkún. Ó ní kí a lọ, kí a jẹ́wọ́, pé ìtìjú kì í pa èèyàn. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó pín káàdì eré tí a ń ta. Káàdì ni mo ń ta, ẹ gbọ́ mi bí, nígbà tí ìyá mi ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kú. Mo tún wá dúró di ọjọ́ kejì kí irọ́ mi lè bára mu, mo fa báàgì ìrìn àjò mi dání, mo wọ ibi òkú bí ẹni tó ti òkè òkun dé. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí dìde fún mi. Ẹ ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, o kú ìrìn àjò." Mo gba kíkí náà.

Jong-pil mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohùn Sol lórí fóònù. Mo sọ fún Màmá pé ẹ ti wọ ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn ló gbọ́ kẹ́yìn, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ṣé ẹ rí i, ó ti bò mí láṣìírí kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Dípò ìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ń rò ó pé lọ́jọ́ tí a bá jà, yóò tú u síta.

Ohun tó burú jù ló kàn yìí. A sin Màmá tán, a jókòó nínú yàrá yìí kan náà, Bàbá Kékeré sì béèrè ìdí tí àkọ́bí kò fi sí nídìí ìyá rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Ìgbà tí ẹ̀mí ti bọ́ ni Jong-pil tó pè mí." Ó wò mí. Ó dúró dè mí pé kí n kó ọ̀rọ̀ náà padà. Sun-rye ìyàwó rẹ̀ la ẹnu, àmọ́ Jong-pil di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹrí ba, ó sì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀bi mi ni." Bàbá Kékeré, ẹ gbá a létí lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bu ọtí fún Màmá mọ́ láéláé. Èmi jókòó, mo ń jẹun lọ. Ọmọ tó tọ́jú ìyá wa, tó ń gbé e pọ̀n lọ sí ilé ìwẹ̀, ni mo lé kúrò nílé. Ó ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó kó lọ sí Jeju, ó lọ ń ṣe alágbàṣe nínú oko ọsàn olóko. Ọdọọdún ni ẹ sì ń yìn mí bí mo ṣe ń bu ọtí.

Bàbá Kékeré, irọ́ mi lẹ fi dá ẹjọ́ yẹn, ẹ bá mi fagi lé e kí èmi àti ẹ̀yin tó lọ. Sol, ìwọ àti ọkọ rẹ, bí àwa òbí yín bá pè, ẹ gbé e. Bí ẹ bá ti purọ́ ná, ẹ ṣì gbé e, kí ẹ sọ òótọ́, kí wọ́n bú yín, kí ẹ sì lọ. Èébú yẹn ni mo sá fún.

Sun-rye, mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ọ́. Jong-pil, má sọ pé o ti dárí jì mí. Mo mọ̀ ọ́, wàá sọ ọ́ kí ara lè tù mí, mi ò sì fẹ́ kí o tún bò mí láṣìírí. Gba ìgò ọtí yìí. Kúnlẹ̀ bu ú fún Màmá kí gbogbo wa tó kúnlẹ̀. Kí o sì sọ fún Màmá pé Incheon ni mo wà.