Ìjẹ́wọ́ tí Mo Gbọ́ Nínú Aṣọ Fáda

Ẹ pa á ná. Títí, mo ní kí o pa fóònù yẹn ná. Mo ti rí i. Mo rí fáda tó di àgbélébùú mú, mo rí ọmọbìnrin tó ń yí ojú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ ń kígbe, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Dépọ̀ ní, "Bàbá, eré ni, wọ́n kàn ń ṣe é ni." Mo mọ̀ pé eré ni. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Èmi náà ti wọ aṣọ yẹn rí.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n láti ìsàlẹ̀ títí dé orí láìdúró mí, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé: kí n di fáda. Mo dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Mo lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àgbà tó ń darí wa pè mí. Arúgbó ni, kì í pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, o mọ orin, o mọ ìwé. Ṣùgbọ́n o fẹ́ràn kí wọ́n máa wò ọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí wọ́n wo òun, kó má dúró níwájú pẹpẹ."

Bí mo ṣe di ẹrù mi nìyẹn. Mo padà sí Ìjerò... Ìtìjú yẹn, ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Lónìí, bí ọmọ kò bá rí ibì kan wọ̀, á gba ibòmíràn lọ, kò sí ẹni tó máa bi í. Nígbà tiwa, gbogbo àdúgbò ló ti ń pè mí ní Fáda. Mo padà dé tán, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ẹ̀rín sí i.

Kí ni mo ṣe? Mo lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré. Wọ́n kúkú ti ní mo fẹ́ràn kí wọ́n máa wò mí.

Àsìkò náà ni fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Ilé kan ló máa ní fídíò àti jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò á sì kún ojú fèrèsé rẹ̀. Fíìmù adẹ́rùbani ni àwọn èèyàn ń fẹ́. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá wá, bá kọ ìtàn kan: fáda kan wà, ẹ̀mí àìmọ́ kan ń wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá ló ń jẹ́wọ́. Bó bá sọ ọ́ lónìí, á ṣẹlẹ̀ lọ́la. Fáda náà kò sì lè wí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí fáda bá gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́, inú rẹ̀ ló ń bá a re sàréè.

Èmi ni mo ṣe fáda náà. Ta ni wọn ì bá tún mú?

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lábúlé kan láàrin Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹ má bi mí ní orúkọ abúlé náà. Orúkọ àwọn èèyàn tí mo máa dá fún yín náà, mo ti yí i padà, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, alámọ̀, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n ti kọ́ tuntun sí ẹ̀bá títì, àtijọ́ yìí wá dá wà láàrin igi kòkó. Àpótí ìjẹ́wọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ilé pákó kékeré ni: fáda á jókòó sínú, aṣọ á bò ó, ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ á wà láàrin àwọn méjèèjì.

Fáda tó ń bójú tó àgbègbè náà gbà fún wa. Ọmọ Èkìtì ni, alùpùpù ló fi ń káàkiri. Ó ní, "Ẹ ya ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà. Ṣùgbọ́n àpótí yìí, ẹ má jókòó sínú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà abúlé yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ eré." Ọ̀gá ní, "A ti gbọ́, Fáda." Ariwo alùpùpù kò tíì parẹ́ tí ó fi yíjú sí mi. Ó ní, "Wọlé síbẹ̀, jẹ́ ká wo bó ṣe rí lára rẹ."

Mo wọlé. Mo jókòó. Ẹ gbọ́, n kò ní purọ́ fún yín... ó dùn mọ́ mi.

Obìnrin kan wà tó ń gúnyán fún wa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Bọ́sẹ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ìṣe kan: bí ọkọ̀ bá ti dúró létí títì, á fi odó sílẹ̀, á lọ wo ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á tún padà wá. Mo bi í pé ta ló ń retí. Ó ní, "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ó ti di àṣà ni."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin. Òjò ṣú. Gbogbo ilẹ̀ dúdú bí ẹni pé ọjọ́ ti lọ. Ọ̀gá àti àwọn tó kù lọ jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀, èmi nìkan ló kù nínú àpótí. Mo wọ ẹ̀wù funfun, mo gbé sítólà sọ́rùn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fáda máa ń gbé kọ́ bó bá fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ jókòó síbẹ̀ ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Mo gbọ́ ọ̀pá lórí ilẹ̀... kò... kò... kò. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Mo gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe dún.

"Súre fún mi, Fáda, mo ti ṣẹ̀."

Mo rò pé ọmọbìnrin tó ń ṣe ẹ̀mí àìmọ́ ni, pé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ohùn fáda dá a lóhùn: "Máa sọ, ọmọ mi."

Nígbà náà ni mo gbóòórùn áṣáà. Mo wo ihò pákó. Ojú arúgbó ni mo rí, funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Àgátà. Ó ní, "Fáda, a dúpẹ́ tẹ́ ẹ wá. Wọ́n ní ẹ wà lókè lọ́hùn-ún, mo ní kí n wá kí ukú tó ká mi mọ́ ulé. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ inú mi tán."

Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Ìyá, èmi kọ́." Kí ló dé tí n kò sọ ọ́? Láti ọdún náà wá ni mo ti ń bi ara mi. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Èṣù tí ẹ̀ ń wò yẹn, tó ń yí ọrùn, tó ń bì, òun kọ́ ló dé bá mi. Kò yọ ìwo, kò pariwo. Ó kàn ní, "Fáda ló pè ọ́. Dúró díẹ̀ sí i."

Mo sì dúró.

Ó sọ ọ́. Ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, ẹni tó ṣe é fún. Ẹ máa bi mí pé kí ni. N kò ní sọ. Ìyá ìyá yín gan-an, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n irun ara mi dìde. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ó dárúkọ Ìyá Bọ́sẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló dá a.

Ó parí. Ó ń retí. Bẹ́ẹ̀ ni... ọwọ́ mi gòkè. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Mo dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

Arúgbó náà sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fáda, ara mi fúyẹ́." Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó jáde. Lójú ọ̀nà, mo gbọ́ tí ẹnì kan kí i: "Ìyá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilé." Ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ ni. Ó wá gbé oúnjẹ tèmi fún mi. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì di ìyá náà lápá mú, àwọn méjèèjì jọ lọ nínú òjò.

N kò jẹ iyán náà.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ọ̀gá ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan sábẹ́ ìjókòó mi láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pa á. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá náà jáde, òjò lẹ́yìn rẹ̀, èémí rẹ̀ ń já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tèmi... Tèmi bà mí lẹ́rù ju tirẹ̀ lọ. Kò dà bí ohùn ẹni tó ń ṣeré.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Òṣèré wo ló lè ṣe èyí? Òun la máa fi ṣí fíìmù náà."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni ìyá yẹn ń sọ. Ó dárúkọ èèyàn."

"Orúkọ yẹn gan-an ló máa ba àwọn èèyàn lẹ́rù."

"Wọ́n máa wò ó lábúlé yìí."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ojú ìwọ ló máa wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì, láti ibí títí dé Èkó. Àbí o tún fẹ́ padà sí Ìjerò kí wọ́n máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Mo ṣì ń rò ó títí di òní.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀, mo lọ bá Fáda gidi. Mo kúnlẹ̀, mo ń sọ ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí ìyá náà wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Dákẹ́! Má sọ ọ́ fún mi. Ìwọ kì í ṣe fáda, ṣùgbọ́n ohun tí o gbọ́ yẹn, o ti gbọ́ ọ. O máa gbé e títí tí o fi máa kú." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú òróró tí wọ́n ń fi sí ara arúgbó àti aláìsàn. Ó ní, "Gùn sẹ́yìn mi. Ẹnu ìwọ ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ pé o tàn án."

A dé ilé Ìyá Àgátà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí Ìyá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni inú rẹ̀ ti ń dùn, ó jẹun dáadáa, ó kọrin. Láàárọ̀ yìí, wọn kò rí i kó dìde mọ́. Ó wà lórí ẹní, ó ń mí fín-ín-fín-ín.

Mo kúnlẹ̀ létí rẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo wà nínú àpótí lánàá. Èmi kì í ṣe fáda. Òṣèré ni mí. Ẹ dárí jì mí. Fáda gidi rèé, ẹ tún un sọ fún un."

Ojú rẹ̀ rìn kiri inú yàrá. Fáda wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹrẹ̀ ta sí. Ìyá na ọwọ́ kọjá rẹ̀. Èmi ló dì mú. Ó ní, "Fáda mi." Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Fáda fi òróró sí i níwájú orí àti ní ọwọ́. Ó ní kó fi ọkàn sọ fún Ọlọ́run pé ẹ̀ṣẹ̀ náà dun òun. Ètè rẹ̀ mì. Ṣé ó gbọ́? Ṣé ó yé e? Fáda ní Ọlọ́run kì í wá ọ̀nà àtimú èèyàn, pé kí n má bẹ̀rù. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi tí a ń gbé. Ọ̀gá àti àwọn yòókù ti lọ ya fíìmù lórí òkè. Mo tú àpò Ọ̀gá, mo rí téèpù tó gba ohùn ìyá náà, mo fà á tu. Ẹ mọ okùn dúdú inú rẹ̀? Ó gùn bí ìfun. Mo kó o lọ sí ilé ìdáná Ìyá Bọ́sẹ̀, mo jù ú sínú iná. Iná kò mú un dáadáa, igi ti tutù.

Ìyá Bọ́sẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti gbọ́ pé Ìyá Àgátà kú. Ó ní, "Kí lò ń sun, ọmọ mi?"

Mo ní, "Téèpù tó bàjẹ́ ni, Mà."

Ó ní, "Báyìí kọ́ ni wọ́n ń dá iná." Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó ihá ẹyìn sí i, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, títí ohun gbogbo fi jó di eérú. Èmi dúró, mo ń wò ó.

Ẹ rí i... mo ti ń rò pé mo ṣe dáadáa. Ìgbà tí mo rí i tó ń fẹ́ iná náà ni ẹ̀rù wá dé gan-an. Ìdáhùn tó ti ń wá lójú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ọdún gbọ́nhan ló ń fi èémí ara rẹ̀ sun yẹn. Ṣé ó yẹ kí n sọ fún un? Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n sọ. Ṣé kí n má sọ? Ìkà ni. Fáda sọ ọ̀kan fún mi, ọkàn mi ń sọ èkejì. Wọn kò tíì parí ìjà náà.

Ọ̀gá lé mi. Wọ́n wá fáda mìíràn, wọ́n lọ ya fíìmù wọn níbòmíràn. N kò wò ó. N kò ṣeré mọ́. Oko kòkó ni mo padà sí, òun ló tọ́ ìyá yín dàgbà.

Lónìí, èèyàn á kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síta fún ẹni tí kò rí rí, ẹni náà á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á lọ sùn. Nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ wúwo. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, o ti gbé e nìyẹn.

Ọdún tó kọjá, wọ́n ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ṣàìsàn, mo tún lọ kí i, bí mo ṣe máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbó, ó kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wá ṣe fíìmù, o máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan."

Mo ní, "Rárá o, Mà. Mo kàn wá kí yín ni."

Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ó sì kọ ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá kúnlẹ̀ níwájú yín, tó fi orúkọ tí kì í ṣe tiyín pè yín, ẹ tètè dá a dúró. Kó tó la ẹnu. Kódà bí orúkọ náà bá dùn... Hmm. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ mi sórí àga yìí.