Bọ́ọ̀lù Tí Mo Gbá sí Ojú Òsì Olegario

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná. Mo mọ̀ pé nítorí mi lẹ ṣe tàn án, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí lè rí àwọn gólì mi, ṣùgbọ́n èyí tó kàn nínú fídíò yẹn ni mi ò lè jókòó wò mọ́. Ẹ̀yin ará Santolaya, ẹ gbé ife ọtí ápù yín kalẹ̀ díẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi ti sọ fún mi pé kí n má fi ohunkóhun falẹ̀ mọ́, ohun tí mo sì ti fi falẹ̀ jù láyé mi ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ogójì ọdún ni mo fi tẹ òótọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà sì bá mi tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Lónìí yóò jáde, bó tilẹ̀ máa bọ́ṣọ lára mi níwájú gbogbo yín.

Atamátàsé lẹ mọ̀ mí sí. Kí n tó di bẹ́ẹ̀, ọmọ Coto awakùsà ni mí, ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Belarmino, bí wọ́n bá sin ọ́, wàá ṣì fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ pósí." Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ Santolaya, Olegario Prendes ni aṣọ́lé wa. Àwọn àgbà inú yín rántí rẹ̀: ọkùnrin gíga, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó èédú. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí ihò èédú wó lu bàbá mi. Cova ìyàwó rẹ̀ ló ń lẹ aṣọ mi tó bá ya. Lẹ́yìn ìdánrawò, tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti lọ wẹ̀, òun àti èmi nìkan á ṣẹ́ kù nínú ẹrẹ̀. Á ní, "Mino, gbá a síbi tí mi ò rò." Màá gbá a, á mú un. "Mo rò ó!" Á rẹ́rìn-ín. "Gbá òmíràn." Bí mo ṣe di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn, ní ọwọ́ ọkùnrin tí mo padà wá dà.

Ẹgbẹ́ Puerto Alto rà mí lọ sí etíkun. Sáà àkọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn rẹ̀, gólì gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí mo bá gbá, bí kò bá lu òpó, á lọ bá àwọn tó jókòó sókè lẹ́yìn àwọ̀n. Àwọn èrò á máa súfèé sí mi, wọ́n á máa pariwo pé, "Coto, padà lọ wa èédú ẹ!" Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, tí sáà yìí bá parí, wá ibòmíì lọ." Níbo ni kí n lọ? Ihò tó gbé bàbá mi mì nìkan ló ń yanu dè mí.

Nígbà Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ọdún náà ni mo wá kí Olegario nílé. Cova se ẹ̀wà funfun pẹ̀lú sọ́séèjì dúdú, gbogbo ilé ń ta sánsán. A ń jẹun ni ìgúnpá Olegario gbá ife ọtí tó wà lápá òsì rẹ̀ ṣubú. Cova ní, "Gario, ìwọ yìí, ọwọ́ ẹ ti wá ń wúwo bí ti màlúù!" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ọwọ́ sí búrẹ́dì tó wà lápá òsì kan náà, mo rí i pé ó kọ́kọ́ yí gbogbo orí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Kí lèyí? Mo rọra ti iyọ̀ sí apá òsì rẹ̀. Kò rí i. Ó ń bi Cova pé iyọ̀ dà. Ṣé ẹ rí irú ẹni tí mo jẹ́? Ẹlòmíì á ti béèrè bóyá ara ọ̀rẹ́ òun yá. Èmi, mò ń ti iyọ̀ kiri orí tábìlì.

Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo mú ọsàn kan, mo rọra jù ú sí i láti òsì. Aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹyẹ ṣe ń mú kòkòrò, ọsàn bà á léjìká, kò mira. Ó he ọsàn náà nílẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló rán ẹ sí mi?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ àti 'mo kàn fẹ́ mọ̀' ẹ. Ó dáa, o ti mọ̀." Ó sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù kan ló ba òun lójú nígbà òtútù, pé ó kọ́kọ́ dà bí èéfín, lẹ́yìn náà ó ṣú pátápátá. Mo bi í pé báwo ló ṣe wá ń mú bọ́ọ̀lù. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ní èrò ibi kankan nínú nígbà yẹn, ìyanu ló jẹ́ lójú mi. Inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnì kan béèrè. Ó dìde, ó fi hàn mí: bó ṣe ń súnmọ́ òpó òsì kí ohun gbogbo lè bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀, bó ṣe ń wo ejìká ẹni tó fẹ́ gbá a, bó ṣe ń fetí sí ìró bàtà. "Èyí tó bá wá láti òsì pátá ni mi ò lè ṣe nǹkan kan sí. Mo kàn máa ń fò ni, kí n sì máa gbàdúrà." Mo ní kí ló dé tí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ì bá rọ́pò mi ti kán lápá. Tí a bá já kúrò ní ìpele yìí, ẹgbẹ́ máa tú, ìlú yìí ò sì ní ayọ̀ mìíràn. Jẹ́ kí n parí sáà. Cova gan-an ò mọ̀. Mino, má sọ ọ́." Mo fi ibojì ìyá mi búra fún un.

Ọjọ́ tó parí sáà, àwa Puerto Alto la wá gbá bọ́ọ̀lù níbí. Bí ẹ bá ta ọ̀mì, ẹ ò ní já. Ibà ló mú atamátàsé wa tó yẹ kó gbá a, ni kóòṣì bá wọ́ mi sínú pápá. Wọ́n tún sọ fún wa pé àwọn èèyàn ẹgbẹ́ ńlá kan láti gúúsù wà lórí ìjókòó, wọ́n ń wá ẹni tí wọn óo rà. Òjò ń rọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Olegario gbá mi mọ́ra, ó sọ sí mi létí pé, "Má ṣàánú mi o, àbúrò. Gbá eré ẹ." Ohun tó ń sọ ni pé kí n ṣe bí ọkùnrin. Òun kò ronú pé mo lè ṣe bí ejò.

Ẹ ti kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé, gbogbo ìlú ń kọrin. Lẹ́yìn ìsinmi ni bọ́ọ̀lù bá mi lápá òsì rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè, ṣé òótọ́ ni? Mo gbá a láti ibẹ̀. Ó fò lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Mi ò yọ̀. Mo dúró bí ẹni tó tú àpótí ẹlòmíì wò. Ó yẹ kó tó mi bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni mo ti mọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi lórí ìjókòó, láìsí èébú nínú rẹ̀, mo sì tún fẹ́ gbọ́ ọ. Èkejì wọlé láti ibi kan náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, mo yọ́ lọ dúró sí òsì rẹ̀, mo dákẹ́. Ó mọ̀ pé mo wà nítòsí. Ó ń yí orí kiri, ó ń pè mí: "Mino! Mino, níbo lo wà?" Ẹ̀yin rò pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún un ló ń ké sí. Èmi ló ń pè, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mi ò dá a lóhùn. Bọ́ọ̀lù dé, mo gbá a. Apá kejì ló kọjú sí nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, kò tilẹ̀ mira. Santolaya já.

Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹnì kan ló fún un ní nǹkan. Aṣọ́lé wo ló ń dúró bí òpó iná nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kọjá? Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Ọ̀DÀLẸ̀" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Níbi tí a jókòó sí yìí, wọn ò ta ọtí fún un mọ́. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Don Evelio, ààrẹ ẹgbẹ́ yín nígbà náà, wá bá mi ní Puerto Alto. Ó yọ fìlà, ó jókòó. Ó ní, "Belarmino, Olegario ní ojú òun kan ti fọ́ láti ìgbà òtútù, pé ìwọ nìkan lo mọ̀. Ó ní ká wá bi ọ́. Ohun tó o bá sọ, òun la máa gbà." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará gúúsù fẹ́ gbé ìwé iṣẹ́ wá fún mi. Mo ro bí wọ́n ṣe máa gbọ́ pé afọ́jú ni mo gbá gólì sí. Mo wo Don Evelio lójú, mo ní, "Ojú? Ojú wo, sà?" Ó tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀: "Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi? Èèyàn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí o." Mo ní, "Ó dá mi lójú. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè torí rẹ̀ purọ́." Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Nígbà tí dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní òótọ́ ni kò ríran, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ìgbà tó fọ́. Ni ẹ̀yin bá ní Ọlọ́run ló fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó tà yín.

Mo lọ sí gúúsù. Mo wọ aṣọ Sípéènì, àwọn ọmọdé fi orúkọ mi sẹ́yìn aṣọ wọn. Olegario kó lọ sí abúlé apẹja kan, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Ìtìjú ló pa Cova díẹ̀díẹ̀, ó kú láìpadà wá sí Santolaya.

Lóṣù tó kọjá ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ojú kejì náà ti lọ báyìí. Mo dárúkọ mi, ó ní, "Wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn kúrú, tẹrí ba." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹkún ń gbọ̀n mí. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá bi mí pé, "Gólì kẹta yẹn, báwo ló ṣe rí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n?" Ó ní, "Mi ò rí i, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi sọ nípa rẹ̀ láìbú mi. Ẹsẹ̀ wo lo fi gbá a?" Mo ní ẹsẹ̀ òsì. "Ṣé ó kan ilẹ̀?" Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan nínú omi. "Ó lu òpó, àbí kò lù ú?" Mo ní ó lu inú òpó kó tó wọlé. Ó lu orókún rẹ̀ pẹ́ẹ́. "Mo mọ̀! Mo gbọ́ ìró kan. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó bóyá òpó ni àbí àyà mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Gólì gidi ni nígbà náà." Nígbà tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní, "Tèmi tìrẹ, a máa yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò sí níbí. Santolaya lo ti sọ ọ́ nù. Lọ bá mi wá a níbẹ̀."

Orúkọ náà ni mo wá wá. Olegario kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi lẹ̀ ń wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi náà lẹ sì ń fi ọtí ṣe lálejò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wò mí yìí, bí ọ̀rẹ́ yín bá fi ibi tó ti ń dùn ún hàn yín, ẹ mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbá a, ẹ tètè sọ ọ́, nítorí irọ́ tó bá ti pẹ́ lára kì í ṣí kúrò láìmú awọ dání. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ lọ sọ́dọ̀ Olegario. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Kí olúkúlùkù sọ orúkọ ara rẹ̀ sókè kó tó wọlé, nítorí kò ríran mọ́, ó sì máa fẹ́ mọ ẹni tó wá.