Ẹni Tó Ń Béèrè Mi Nítorí Fèrè Ìgbọ̀nwọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré… Má rẹ́rìn-ín, Bọ́lá. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì nílé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nídìí fèrè ìgbọ̀nwọ́, ọmọ ọwọ́ ni mí. Mi ò tíì hu eyín.

Gbọ́, fèrè àwọn ará Ireland ni. Wọn kì í fẹnu fọn ọ́n, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ẹwìrì kékeré kan, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, ìyẹn á wà lábẹ́ apá ọ̀tún. Àpò awọ á wà lábẹ́ apá òsì. Fèrè tí ìka ń jó lórí rẹ̀ á wà lọ́wọ́, níwájú rẹ. O ò ní ọwọ́ kankan mọ́ tí o lè fi nu òógùn. Nígbà tiwa, bí èèyàn bá fẹ́ jìyà, ó máa ń wá èyí tó le.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Wọ́n ń sin ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń yan búrẹ́dì, ará ilé rẹ̀ kan sì fọn fèrè yìí níbi òkú. Bọ́lá, nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí nílé lọ́hùn-ún, mi ò lè lọ sin wọ́n. Àwọn ológun ṣì wà lórí àlééfà. Ẹni tó sá bíi tèmi kì í padà wá ṣòkú, àfi bó bá fẹ́ di òkú. Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí ìròyìn náà fi dé, mò ń po ìyẹ̀fun. Mi ò sunkún. Ìyẹ̀fun á bàjẹ́. Fèrè yẹn wá ń sun ẹkún náà lójú mi, ó ń sun ún dáadáa, bí ẹni tí wọ́n rán. Mo ní èmi náà á kọ́ ọ, kí n fi sunkún ìyá mi.

Mo wá èyí tí wọ́n ti lò rí, mo gbé e wá sí ilé wa ní Jane and Finch, àdúgbò tí a kọ́kọ́ gbé nílùú oyìnbó níbí, àjà kẹsàn-án. Kò sí olùkọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wá a. Bàbá àgbà, kí n máa lọ sọ fún ọmọ oyìnbó pé mi ò mọ ibi tí ọwọ́ ń wà? O fẹ́ sọ pé kí n wo fídíò. Mo wò ó. Ẹni inú fídíò ò gbọ́ mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó mi, ní ó ń dún bí ewúrẹ́ tí ìrù ẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ṣàánú ẹ̀. Ẹ pa á, tàbí kí ẹ tú u sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé súpà nínú lífítì, ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ilé wa. Ó ní, "Ẹnìkan ń béèrè yín. Ó fẹ́ mọ nọ́ńbà ilé yín. Mo ti sọ fún un." Lífítì dúró, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ń súfèé lọ.

Ẹ̀yin ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, níbi tí a ti ń tẹ ìwé tí àwọn ológun ò fẹ́, bí wọ́n ṣe sọ fún Làmídì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: "Ẹnìkan wá béèrè ẹ." Làmídì ò sá. Ó ní kí n bá òun di abọ́ oúnjẹ òun mú, òun ń bọ̀. A ò rí i mọ́. Abọ́ náà wà lọ́wọ́ mi títí mo fi kúrò nílùú. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, má tilẹ̀ mí."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ súpà, mi ò fọn nǹkan kan mọ́. Mò ń ro ọlọ́pàá. Mò ń ro onílé. Mò ń ro bí wọ́n ṣe máa lé wa síta nínú yìnyín, èmi, Ìyá Fẹ́mi àti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ń pè mí… Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Fẹ́mi lọ ṣe shift níbi iṣẹ́ ní ìlú Newmarket, mo so ẹwìrì mọ́ra, mo fẹ́ àpò náà kún. Ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn.

Mo gbé ìka kúrò. Mo dákẹ́. Èmi dákẹ́ o… fèrè ò dákẹ́. Atẹ́gùn ti kún inú àpò, ó ń ké lọ fúnra rẹ̀. Mo fún un mọ́ra kó lè panu mọ́, ó tún ké sí i. Ìyá mi ní kí n má mí, àpò yìí ń mí fún àwa méjèèjì. Òógùn bò mí. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n ní mi ò sí nílé? Mo ṣí i.

Màmá oyìnbó kékeré kan ló dúró síbẹ̀, wọ́n á tó ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀. Bí mo ṣe rí àgbà, ara mi ò bi mí léèrè, ó ti ń dọ̀bálẹ̀. Mo gbàgbé pé àpò wà lábẹ́ apá mi. Bí mo ṣe tẹrí ba, apá mi tẹ àpò, fèrè sì lọgun mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú yín nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n kì í sábà ké."

Nora ni wọ́n ń jẹ́, nísàlẹ̀ wa gan-an ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló béèrè mi lọ́wọ́ súpà. Bàbá wọn máa ń fọn irú fèrè yìí ní Ireland. Wọ́n ní àwọn ti ń gbọ́ mi láti ìgbà tí òtútù ti dé, àwọn rò pé n óò wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́, àwọn retí, retí.

"Ta ló ń kọ́ ẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Mo mọ̀."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Wọn ò kọ́ mi lórin. Wọ́n mú ìdí fèrè, wọ́n fi tẹ itan mi, wọ́n kó ìka mi lé gbogbo ihò rẹ̀. Àpò ṣì kún, ṣùgbọ́n gbogbo ilé pa rọ́rọ́. "Ibí la ti ń bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Kọ́kọ́ mọ bí o ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́."

Níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti sunkún ìyá mi, kí n tó mọ orin kan ṣoṣo. Mi ò lè nu ojú, ìka mi wà lórí ihò. Màmá Nora ń wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní yìnyín á pọ̀ lọ́la.

Hmm. Màmá Nora ti sùn oorun àìjí báyìí. Àwa náà ti kó wá bá Fẹ́mi ní Brooklin ńbí, ilé tuntun, ògiri tuntun. Bí mo bá fọn fèrè ju bó ṣe yẹ lọ, orí fóònù ni aládùúgbò ti ń fẹjọ́ sùn. Mi ò mọ ojú ẹ̀, òun náà ò mọ tèmi. Ayé ìsinyìí, wọn kì í kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Fẹ́mi ní ẹ̀kọ́ tí o wá kọ́ níbí ò yé ẹ, pé ẹ̀rù ń bà ẹ́ láti lọ bá ọ̀gá tó ń kọ́ yín. Lọ, Bọ́lá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ṣùgbọ́n kí o rọra kàn án. O ò mọ ibi tí ẹni tó wà nínú ilé ti sá wá.