Iná Ẹ̀yìn Tí Kò Tàn

Jókòó, ọkọ ọmọ mi, má tíì dìde, ọsàn tó o rà wá yẹn ò ní sá lọ síbì kankan. Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó ò ń ṣe ni? Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ mi kúrò lọ́sibítù wá sílé mi, ìloro yìí lo mọ̀, o ò mọ yàrá mọ́. O ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, o ó bi mí pé ṣé ó sùn, èmi á ní kò sùn, ìwọ á ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, kó sinmi, lo bá ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Ọkọ wo ló ń dúró síta kí ìyàwó ẹ̀?

Má dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ rí. Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà jìn, ọkàn rẹ ò gbà á láti rí i bó ṣe wà. Èmi ńkọ́? Ta ló bi èmi tí mo bí i pé ṣé ọkàn mi gbà á? Èmi ni mò ń yí i látẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà di egbò. Agbẹ̀bí ni ọmọ mi, orí ìdúró ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń dúró ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Lónìí, kó tó lè jókòó, àfi kí n gbá a mú lábíyá bí ìkókó.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù, mo fi Ọlọ́run búra. Dókítà ní yóò rìn, bó pẹ́ bó yá. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí ibùsùn yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ní òun lòun fa ìjàǹbá ọkọ̀ náà. "Màámi, èmi ni mo tẹ bíréèkì lójijì." Ṣé kò yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ni? Bàbá arúgbó kan ń fọ̀pá sọdá níwájú ẹ̀, ó tẹ bíréèkì, orí kó bàbá yọ, ni típà oníyanrìn bá rọ́ lù ú látẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló sì ń fi kún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin jókòó tì í lánàá, ó ní tára ẹ̀ bá yá kó máa fẹ̀sọ̀ wakọ̀, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà là á tẹ bíréèkì bí ẹni ń pa ejò. Ọmọ mi ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó dúpẹ́ o. Ó wá kọjú sí ògiri, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Awakọ̀ típà yẹn wá síbí, ṣé o mọ̀? Ibi tó o jókòó sí yẹn ló ti sunkún. Ó ní, "Ìyá, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀nà ò mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ká ní mo rí pupa bíńtín, ǹ bá ti dúró." Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Àṣé òótọ́ ni. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ yín ṣe wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó ní òun ti sọ fún ẹ kí ìjàǹbá yẹn tó ṣẹlẹ̀. Ó ní o dúró lẹ́yìn ọkọ̀, òun tẹ bíréèkì, o fojú ara rẹ rí i pé kò sí ọ̀kan tó tàn, títí kan èyí tó máa ń ṣẹ́jú tí ọkọ̀ bá dákú lójú ọ̀nà. Kí lo wí? O ní iná ẹ̀yìn kọ́ ló ń wa ọkọ̀. O ní kó bá ẹ tún rédíò ṣe ná.

Rédíò.

Má wolẹ̀, wò mí. Ṣé mo parọ́ mọ́ ọ?

Ẹ̀n-ẹ́n.

Iná ẹ̀yìn yẹn, ta ló wà fún? Ẹni tó ń wakọ̀ ò kúkú rí i. Òun la fi ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé rọra o, mo fẹ́ dúró. O jẹ́ kí ọmọ mi gbé ọkọ̀ tó yadi jáde sójú títì, kò sì mọ̀.

Kì í ṣe pé o fẹ́ pa á. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Ta ni kì í fi nǹkan di ọ̀la? Ìyẹn, mo lè gbé e mì. Èyí tó há mi lọ́fun ni ti ọjọ́ tó lajú ní ọsibítù. Ìṣojú mi ni, ó di ọwọ́ rẹ mú, ó ní, "Ẹ má bínú, mo ti ba ọkọ̀ wa jẹ́." Kí lo sọ fún un? O ní ó ti tán, o ti dárí jì í. Háà, ọkọ ọmọ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ta lo dárí ẹ̀ jì í?

Mi ò tíì sọ fún un. Àìmọye ìgbà ló ti dórí ahọ́n mi, mo sì dá a padà, torí tó bá ti ẹnu mi jáde, yóò ní mo fẹ́ tú ilé òun ni. Ẹnu rẹ ló gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ó lè bínú. Ó lè ní òun ò fẹ́ rí ẹ sójú mọ́. Mi ò ní bá ẹ bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní tì í pé kó lé ẹ; ìyẹn dọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò ní fi ara tó ń ro ó yìí ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi.

O ní kí ni? Lọ́la?

Rárá. Ó ti gbọ́ ohùn rẹ látìgbà tó o ti ń kí mi. Ṣé o ò gbọ́ bí ibùsùn ṣe ń dún? Ó ń tiraka láti dá jókòó, kó má baà dà bí aláìsàn lójú rẹ. Bọ́ bàtà rẹ, wọlé, jókòó síbi tó ti máa rí ojú rẹ dáadáa, kó o sọ fún un pé bíréèkì tó tẹ̀ yẹn, ó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Iná ni kò tàn, ìwọ lo sì mọ̀.

Lọ. Èmi á dúró síbí.