Etí Nọ́ọ̀sì, Etí Ọ̀gá

Alága ìjókòó, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín. Ẹ̀yin dókítà, ẹ kú ọlá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tó ń nulẹ̀ tí a tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ kú ìfaradà aya tí kì í sí nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, òní ni èmi mátírọ́nù yín bọ́ aṣọ funfun, mo fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ dídùn. Màá gbìyànjú.

Ẹ wo àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ yẹn, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Bó bá gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, ọmọ ò ní mira. Ọkùnrin kan gbé ìyá rẹ̀ wá sí yàrá pàjáwìrì. Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta ká lè tọ́jú màmá." Ẹ̀ṣẹ́ ni bùọ̀dá fi dáhùn. Eyín kan bọ́ sílẹ̀. Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó ṣì fi afẹ́fẹ́ sí ìyá náà nímú kó tó jókòó sunkún. Ìyá yè.

Kí làwọn ọ̀gá wa ṣe? Wọ́n pèpàdé! "Mátírọ́nù, ẹ bá nọ́ọ̀sì yín sọ̀rọ̀. Sùúrù ni baba ìwà." Mo ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe baba ìwà ni wọ́n lù, ọmọ ọlọ́mọ ni." Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ògiri: Ẹ MÁ LU NỌ́Ọ̀SÌ. Ẹni tó tún wá jà kà á dáadáa, ó sì lu dókítà.

Ó wá di ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà fúnra wọn ń kọjá lọ. Ẹnì kan tó gbé aláìsàn wá ṣe bí dókítà tó pẹ́ dé ni wọ́n, ló bá fọ́ wọn létí. Kóòrùn tó wọ̀, ilẹ̀kùn irin ti dé, ẹ̀ṣọ́ ti dé, ọlọ́pàá ti dé! Ṣé etí ọ̀gá nìkan ló ń gbọ́ ìró ìgbájú ni? Ọ̀gá, ẹ má fajú ro, ẹ rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀gá ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni mo di Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́ mú, àwa náà sì wọlé sẹ́yìn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹjọ́ méjì la ń lọ rò." Wọ́n sún fún wa.

Ọlọ́pàá wá bùọ̀dá tó yọ eyín àbúrò mi rí; nílé ẹjọ́, ó ní òun ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ bá dìde, ó ní, "Èmi ni mo bí i. Ojú mi báyìí ló ṣe lù ú. Ẹni tó fún mi ní èémí ló lù." Adájọ́ rán bùọ̀dá lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ìlera ò ní sọ yín di aláìlera. Bí ẹ ṣe ń jáde nílé lódidi, lódidi lẹ ó máa padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an o.