Mo Parọ́ Mọ́ Ọmọ Mi Kí Wọ́n Lè Máa Pè É Ní Ẹnjiníà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ọmọ mi àti ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó ti túká. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, mi ò sì sọ ọ́ fún àbúrò mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé mo pàdé ọmọbìnrin náà ní ilé ìtajà kan ní Morrow, ìlú kékeré kan nítòsí Atlanta, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn.

Opó ni mí. Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí ni mò ń gbé, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò lọ yunifásítì. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Dàmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àníyàn mi lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń pè é pé kó má gba highway. Ó máa ń ní, "Mummy, mo ti wà ní office tipẹ́." Mi ò ní gbà á gbọ́ àfi tí mo bá gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Downtown. Kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: kì í tún kọ̀ǹpútà tó bá bàjẹ́ ṣe. Software ló ń kọ, ìyẹn àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe ohun tí a bá fẹ́ kó ṣe.

Mo bi í nígbà kan pé kí ni kí n máa pe iṣẹ́ náà tí wọ́n bá bi mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń ṣe é gan-an ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní developer, àwọn kan fẹ́ engineer, àwọn míì sì ń bínú tí wọ́n bá pè wọ́n ní coder, àfi bí ìgbà tí èèyàn bá pe télọ̀ ní ẹni tó ń gún aṣọ lábẹ́rẹ́. Ó ní engineer ni ilé iṣẹ́ kọ sára káàdì òun, ṣùgbọ́n programmer ló tẹ́ òun lọ́rùn. "Ẹ kàn sọ pé mò ń kọ software, Mummy. Ó ti tó."

Kò tó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn, oyè ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá. Tí a bá jókòó jẹun lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó máa gbọ́ Ìyá Dókítà, Ìyá Lọ́yà, Ìyá Fámásì. Èmi ni Mummy Dàmọ́lá lásán. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ ọmọ mi, Aunty kan dá mi lóhùn pé, "Ah, kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi náà ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ n'Ílọrin, ó ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ iṣẹ́ wọn." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé ẹnjiníà ni Dàmọ́lá. Mo sọ fún ara mi pé kì í kúkú ṣe irọ́, ó wà lára káàdì rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe títì ló ti ṣiṣẹ́ nílé ní Nàìjíríà. Pólì ló lọ. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé kì í ṣe yunifásítì ló lọ, wọn ò gbà kí wọ́n pè é ní ẹnjiníà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde yunifásítì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, sọ fún àwọn lébìrà lójú rẹ̀ pé, "Ẹ yé é pe bàbá yìí ní ẹnjiníà o. Ẹnjiníà tòótọ́ ti dé." Ọkọ mi dé ilé, kò jẹun. Dàmọ́lá ṣì kéré nígbà náà, ó jókòó tì í lórí àga, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti ń fẹ́ kí orúkọ yẹn wọ ilé wa láti ìgbà náà.

Nígbà tó yá, Dàmọ́lá rí ọmọbìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Tèmítáyọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò lè rí mi kó má gba àpò lọ́wọ́ mi. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀, irú àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán afárá kí wọ́n tó mọ ọ́n. Bàbá náà wá bá mi níbi oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹnjiníà ni Dàmọ́lá, ṣé ti orí kọ̀ǹpútà lásán ni, àbí ó ti ṣe ìdánwò tí ìjọba fi ń fún ẹnjiníà ní ìwé àṣẹ, bíi tàwọn.

Ààyè wà láti sọ òótọ́. Wọn ò halẹ̀ mọ́ mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Mo sì dáhùn pé ó ti ṣe é, ó sì yege. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wà fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Dàmọ́lá lọ kí wọn nílé, wọ́n kí i kú oríire ìdánwò. Ọmọ mi sọ òótọ́. Ó ní òun ò ṣe ìdánwò kankan, programmer lòun, ó sì rò pé wọ́n kàn ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Bàbá náà ò bá a jà, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní ọ̀ràn ńlá ni nínú iṣẹ́ àwọn kí èèyàn máa gbé oyè tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri.

"Mummy Dàmọ́lá, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé òun ló sọ fún yín pé òun yege, àbí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín?"

Mo ro ti tábìlì yẹn, mo ro ti ẹ̀rín àwọn Aunty. Mo ní, "Òun ló sọ fún mi, sà."

Wọ́n wá ní, "Ẹni tó lè parọ́ fún ìyá tó bí i, kí ni kò ní fojú ọmọ mi rí?"

Mi ò sọ pé rárá. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ṣèlérí. Ọmọlúwàbí ni wọ́n. Wọ́n pa ìlérí náà mọ́.

Ohun tí wọ́n sọ fún Tèmítáyọ̀ ni pé òpùrọ́ ni Dàmọ́lá, pé ibi tó dájú làwọn ti gbọ́ ọ. Ó bi Dàmọ́lá, Dàmọ́lá sẹ́, Tèmítáyọ̀ sunkún, kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ọmọ mi rò pé iṣẹ́ òun ni wọ́n kẹ́gàn. Ó rù, aṣọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i lọ́rùn. Síbẹ̀, nínú ìbànújẹ́ yẹn, ó kọ software kékeré kan sínú fóònù mi. Tó bá ti dé office láàárọ̀, fóònù náà á sọ̀rọ̀ lóhùn rẹ̀ pé, "Mummy, mo ti dé." Ó ní kí àyà mi má baà máa já.

Lọ́jọ́ kan tó ń fi ọkọ̀ gbé mi bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn gba orúkọ ẹnjiníà nígbà tó wà lára káàdì rẹ̀. A dúró níbi iná pupa kó tó dáhùn.

"Orúkọ tí wọ́n fi du Daddy, Mummy. Mi ò kàn lè máa jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó wá gbé ọwọ́ kan lé ọwọ́ mi. "Ẹ̀yin nìkan ni ojú ò tì nítorí iṣẹ́ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí i? Ọ̀fọ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ mi ń ṣe. Mo wá oyè fún un nítorí bàbá rẹ̀, òun náà kọ̀ ọ́ nítorí bàbá rẹ̀. Mo yẹ kí n jẹ́wọ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Iná di àwọ̀ ewé, ó wakọ̀ lọ, mo sì dákẹ́.

Ó wá ku ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tèmítáyọ̀ rí mi nínú ilé ìtajà, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn òyìnbó. Kò tíì lọ́kọ. Ó bi mí bóyá ara Dàmọ́lá le. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tó ń sọ pé òun fẹ́ràn mi, ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

Mo ní Ọlọ́run á tọ́ ọ sọ́nà. Àdúrà ni mo fi sá fún un. Mo ti kẹ̀kẹ́ ọjà mi kọjá lára rẹ̀, mi ò ra ohun tí mo torí rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ti ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Màá jẹ́wọ́, mo ti pinnu. Ẹni tí màá kọ́kọ́ lọ bá ni mi ò mọ̀. Tí mo bá lọ bá bàbá Tèmítáyọ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni ọmọ mi lè ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe sí i. Tí mo bá sì sọ fún ọmọ mi ná, mo mọ irú ẹni tí mo bí. Ìbínú rẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò dárí jì mí kíákíá, yóò ní kí n má lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni kí ojú má baà tì mí, yóò sì máa jẹ́ òpùrọ́ lọ́dọ̀ wọn nítorí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó bá mi rù ú mọ́.